Irorẹ́ Ojú Ọ̀rẹ́ Bàbá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alágbàfọ̀ fi ọṣẹ oògùn fọ ojú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó fẹ́ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ náà di etí báàfù mú, ó figbe ta.

"Màámi, ó ti tó! Ó ń ta mí!"

"Dúró jẹ́ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí tíṣà tún lé ẹ wálé ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́ Bàbá, gbogbo ilé sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ojú tó yẹ kó máa dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo rẹ̀ ti kún fún irorẹ́. Òmíràn pupa, òmíràn ti gba ọyún sórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló sì pọ̀ sí jù. Kì í ṣe ooru, kì í ṣe làpálàpá. Irorẹ́ gidi ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó tẹ̀ níwájú dígí. Bó bá sì sáré díẹ̀, abíyá rẹ̀ á máa rùn bíi ti àgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni tíṣà fi ìwé rán an wálé pé kó má padà wá títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́, torí àwọn òbí kan ń sọ pé ó lè ran ọmọ àwọn.

Màmá Àgbà, ìyá ọkọ, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ọmọ kì í ṣe aṣọ oníbàárà," ló wí, kò gbójú sókè. "A kì í fi bírọ́ọ̀ṣì họ ọmọ."

"Màmá, ọṣẹ tí dókítà kọ ni."

"Ṣé dókítà náà ló ní kó o máa kó aṣọ ẹlẹ́gbin gbogbo àdúgbò jọ síbi tí ọmọ ń sùn? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Alágbàfọ̀ mú táwẹ́ẹ̀lì, ó fún un bí ẹni tó ń fún ọrùn èèyàn.

Nínú yàrá, Káfíńtà ọkọ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn. Ó yọ túùbù kékeré kan nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, lábẹ́ ìṣó, ó tẹ ìpara inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa èjìká méjèèjì títí dé apá. Oṣù karùn-ún rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Oníkẹ́míìsì ìkóríta ló tà á fún un. "Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ti lọlẹ̀ lára yín, ẹ̀gbọ́n." Oníkẹ́míìsì ò gba ẹ̀jẹ̀ kankan kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ojú lásán ló fi wò ó. Ẹni tó bá ń fi ayùn rẹ́ pákó láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń délé tí kò lè ṣe ju kó sùn lọ, ó dájú pé yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin wo ló ń pariwo pé okun òun ń tán?

Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ Bàbá sáré sí i tòun ti omi lójú. Ó gbé e sókè, ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lé èjìká rẹ̀, ó dijú, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́.

"Ẹ̀yin náà á bá wa lọ lónìí," ìyàwó rẹ̀ wí. "Dókítà ní èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó fẹ́ rí ìyá, ó fẹ́ rí bàbá."

"Ilẹ̀kùn méjì ni mo fẹ́ lọ gbé fún oníbàárà."

"Ilẹ̀kùn á dúró."

Màmá Àgbà gbọn ìdọ̀tí ẹ̀wà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Èmi náà ń bọ̀," ló wí. "Wọn ò ní fi èdè òyìnbó pa irọ́ fún mi."

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà, kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ó wò ó títí kó tó sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́rin la ti ń wo irorẹ́ yìí. A fún un ní ọṣẹ, a fún un ní oògùn mímu. À ń lé eèrà kúrò lórí àwo, ṣúgà sì wà nínú àwo. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà." Ó fi bírò tọ́ka sí nọ́ńbà kan. "Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ònù. Oríṣiríṣi ni. Èyí tí mò ń sọ yìí ló ń sọ ọmọkùnrin di géńdé. Òun ló ń hu irùngbọ̀n, òun ló ń mú ohùn ki, òun ló sì ń mú kí ọ̀rá ara pọ̀ lójú títí irorẹ́ fi máa ń yọ. Obìnrin ní díẹ̀ lára. Ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Àmọ́ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, iye tí ọkùnrin tó ti dàgbà ń ní ni."

Ọ̀rẹ́ Bàbá ń fi ìdí okùn tí dókítà fi ń gbọ́ àyà ṣeré.

"Nǹkan méjì ni mo ń rò. Ó lè jẹ́ pé ohun kan ń hù nínú ikùn rẹ̀, lókè kíndìnrín, tó ń tú èròjà yìí sínú ẹ̀jẹ̀. A óò fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán òní. Bí a bá rí i, iṣẹ́ abẹ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ara ẹlòmíì ló ti ń gbà á." Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, àmọ́ kò tẹjú mọ́ ẹnì kan. "Ṣé ẹnì kan wà nínú ilé tó ń lo ìpara tàbí abẹ́rẹ́ okun ọkùnrin?"

Ìyá Káfíńtà wà lọ́tùn-ún, ìyàwó rẹ̀ wà lósì, nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ọmọ tó lè bí lọ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bírò dání, ó ń dúró kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

"Rárá," ló wí. "Kò sí."

"Ẹ fara balẹ̀ ronú, sà."

"Kò sí, dókítà."

"Ìpara kẹ̀?" Màmá Àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bi ìyá rẹ̀. Òun ló ni ìpara nínú ilé wa."

Alágbàfọ̀ wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì rẹ̀, ó ń kó ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan: kọ́kọ́rọ́, ìyarun, bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, agolo ìpara kékeré tó máa ń fi pa ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó, àti òmíràn tó rà fún àgbọ̀n rẹ̀, torí irorẹ́ díẹ̀ ti ń yọ níbẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Ó rò pé ooru áyọ́ọ̀nù ló fà á.

"Ìwọ̀nyí náà ni mo ní," ló wí. "Ṣé èmi ni mo ṣe é, dókítà?"

Dókítà ṣí agolo kìíní, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ṣí ìkejì. "Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀, a óò yẹ̀ wọ́n wò."

Káfíńtà ń wo àgbọ̀n ìyàwó rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí irorẹ́ yẹn, kò sì kíyè sí i rí.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò egungun ọwọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ," dókítà wí. "Kí ọmọ má sì jẹ nǹkan kan títí ẹ óò fi padà wá."

Aránṣọ, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó gbé téèpù kọ́ ọrùn.

"Ẹ kú àbọ̀ o. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n gba ìpara lọ́wọ́ ìyá rẹ̀," Màmá Àgbà wí.

Òótọ́ ni. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Àmọ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá fi lè wọ àgbàlá, á hu ẹsẹ̀, á hu ìyẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, oníbàárà méjì ti wá gba aṣọ wọn ní tútù. Ọ̀kan ní òun ń rìnrìn àjò. Èkejì ò tiẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti purọ́. Alágbàfọ̀ fún omi tó kù lára aṣọ náà, ó ká wọn, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọ̀dọ̀ Aránṣọ, ohùn kan ń ga ju ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lọ: "Ìpara abóra ni, kí lẹ tún ń wí? Ó fẹ́ pupa. Ẹ wá wo ohun tó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe."

"Ọmọ ọlọ́mọ" ni wọ́n wí o, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló bí i.

Ẹ̀wà ti jiná. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ lójú ọmọ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun.

"Màámi, búrẹ́dì kékeré péré."

"Kò sí."

"Ẹ̀wà ẹyọ kan ńkọ́? Mi ò ní gbé e mì, mo kàn fẹ́ fi sẹ́nu ni."

Alágbàfọ̀ yíjú sógiri. Màmá Àgbà ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan ọmọ yìí, tí nǹkan kan sì ṣe é, ìyàwó, o ò ní sùn nínú ilé yìí. Ilé bàbá ẹ ni wàá gbà lọ."

Alágbàfọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ? Ṣé ẹ ò ní sọ nǹkan kan?"

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù," Káfíńtà wí.

"Sùúrù." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò ní adùn. "Mo gbọ́."

Káfíńtà dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀nà kẹ́míìsì ló gbà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpara tòun ò rí bí èyí tí dókítà ń sọ. Bí ẹni tó jalè ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kí olóhun má tíì mọ̀ pé ohun rẹ̀ ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìpara yẹn," ló wí fún oníkẹ́míìsì, "ṣé ó lè ran ọmọdé?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀ ń fi pa ọmọ ni?"

"Ó máa ń sùn sí mi léjìká."

Oníkẹ́míìsì họ orí. Ó fa páálí kan yọ lórí pẹpẹ, ó yọ ìwé pélébé kan nínú rẹ̀, ó tú u, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wọ aṣọ bò ó. Wọ́n ní kí obìnrin àti ọmọdé má fara kàn án." Ó tún ìwé náà ká. "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó wà nínú ìwé."

"O ò fún mi níwèé."

"Ta ló ń ka ìwé oògùn, ẹ̀gbọ́n? Bí mo bá fún yín, ẹ ó fi nu ọwọ́ ni." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣoore. "Èyí tí wọ́n ń gún wà. Ìyẹn ò lè ran ẹnikẹ́ni."

Oníbàárà mìíràn wọlé. Oníkẹ́míìsì yíjú sí i pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bí Káfíńtà ṣe ń wọ àgbàlá ni Ọ̀rẹ́ Bàbá rí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sáré bọ̀. Káfíńtà fò sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí!"

Kò jágbe mọ́ ọn báyìí rí. Ọmọ náà dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó sọ ọ̀kan kalẹ̀, ó sọ èkejì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé tíṣà ti sọ fún ẹ̀yin náà pé ó ń ran èèyàn?"

Káfíńtà jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín aṣọ tí wọ́n sá.

"Kì í ṣe irorẹ́ ẹ," ló wí. "Ọ̀rẹ́ Bàbá, kì í ṣe ìwọ. Oògùn kan wà lára mi tí kò dáa fún ọmọdé. Èmi ni mo kó o ràn ọ́."

Alágbàfọ̀ ti jáde. "Ẹ ní kí ni?"

Káfíńtà wọlé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ jáde, ó dà á délẹ̀. Ìṣó fọ́n ká. Ó mú túùbù náà, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Oṣù márùn-ún. Àràárọ̀ ni mo ń fi í pa èjìká. Dókítà bi mí léèrè, mo purọ́."

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró nínú abọ́ ẹ̀wà. Ẹni tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wá ọ̀kan tì. Lódìkejì, ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti dákẹ́.

Alágbàfọ̀ mú túùbù náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò pariwo.

"O jókòó tì mí," ló wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí "o" máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Màmá Àgbà gbọ́ ọ, kò bá a wí.

"Mò ń tú báàgì mi kalẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, o ń wò mí. Wọ́n ń gba aṣọ lọ́wọ́ mi, o ń wò mí. Màmá ń lé mi nílé, o ní ká ní sùúrù."

"Ojú ló tì mí."

"Tèmi ńkọ́? Èmi ò ní ojú ni?"

Ọ̀rẹ́ Bàbá ń wo àwọn méjèèjì. "Bàbá, ẹ lọ wẹ̀ ẹ́ kúrò. Kí n wá bá yín fọ ẹ̀yìn?"

"Rárá, ọmọ mi," ló wí, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Èmi fúnra mi ni màá wẹ̀ ẹ́."

Aago méjì ku díẹ̀ ni wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Káfíńtà ti wẹ̀ títí ara rẹ̀ fi pupa, ó sì wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú ooru. Dókítà gba túùbù náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bú u. Ì bá wu Káfíńtà kó bú òun. Wọ́n ṣì fi ẹ̀rọ wo inú ọmọ náà, kó lè dá wọn lójú. Wọn ò rí nǹkan kan.

"Inú rẹ̀ mọ́," dókítà wí. "Kò sí iṣẹ́ abẹ. Kí ìpara yẹn má tún wọ ilé yín mọ́. Ní oṣù tó ń bọ̀, a óò tún gba ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà yìí á ti lọlẹ̀, irorẹ́ náà á sì máa tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ti ìyá náà á lọ pẹ̀lú." Ó gbé fọ́tò egungun ọwọ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Àmọ́ egungun ọmọ yìí ti di egungun ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyẹn kì í padà sẹ́yìn. Ó lè yára ga báyìí, kó sì dúró nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń ga lọ. Ọdọọdún la óò máa wò ó."

Káfíńtà ń wo egungun kékeré náà, funfun lórí dúdú. Ọdún méjì ló gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó gbà á.

"Ẹ̀jẹ̀ tiyín ńkọ́, sà?" dókítà bi í. "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ní ó ti lọlẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ wá lọ́la. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó rẹ̀ yín ni, ṣá."

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá Àgbà ti bu ẹ̀wà. Abọ́ tó tóbi jù ló gbé síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi ṣíbí tó dára jù sí i. Kò tọrọ àforíjì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó. Alágbàfọ̀ fi abọ́ náà bọ́ ọmọ títí ó fi yó. Òun ò fi kan ẹnu.

"Ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò ni gbogbo wọn ti ń fi mí ṣọ̀rọ̀ sọ," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ibẹ̀ ni wàá ti lọ sọ ọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ni, garawa ti tò lọ bẹẹrẹ. Káfíńtà dúró síwájú gbogbo wọn, ó sọ ọ́: orúkọ ìpara náà, ohun tó rà á fún, irọ́ tó pa. Ó ní ìyàwó òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ tẹjú mọ́ garawa rẹ̀ tó ti kún, tí omi ń ṣàn kọjá etí rẹ̀, kò sì rántí láti ti ẹ̀rọ omi náà.

Nígbà tó ń padà wọlé, ẹnì kan ń tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ni, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé yàrá ẹnu géètì, tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìpara yẹn. Ṣé èyí tó ní ìdérí búlúù ni?"

Káfíńtà wò ó. Ó wo ọmọ tó fi ojú lé èjìká rẹ̀.

"Òun ni."

Awakọ̀ já ọmọ náà kúrò lára bí ẹni tí iná jó. Ó nà án sí Káfíńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á."

Káfíńtà na ọwọ́, ó sì tún rántí, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ti wẹ̀, àmọ́ kò dá a lójú mọ́ pé omi lè fọ ohun tó wà lára òun.

"Mi ò lè gbà á," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró, ọ̀kan na ọmọ síta, èkejì káwọ́ sẹ́yìn, ọmọ náà ń ju ẹsẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ń ké. Ilẹ̀kùn ṣí. Alágbàfọ̀ jáde wá, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ rẹ̀, ó gba ọmọ náà láàárín wọn. Kò wo ojú ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì. Ó gbé e wọlé lọ wẹ̀ fún un.